Wọ́n fi mí ṣe súpáfáísọ̀ lórí àwọn tó jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Agbárá:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ ohun mímu kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbárá níbí, láìnì tó ń lẹ lébù mọ́ ìgò tó sì ń kó o sínú páálí ni mo wà, ìparí oṣù tó kọjá ni ọ̀gá pè mí tí wọ́n ní kí n máa ṣe súpáfáísọ̀ lọ. Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o. Àwọn tí mo fẹ́ máa darí yìí, ó ju ìdajì wọn lọ tó dàgbà jù mí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ mi ní mẹ́ṣíìnì lébù nígbà tí mo dé, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, tí ìró ẹ̀ bá ti yí díẹ̀ báyìí wọ́n á ti sọ fún ẹ pé béárìn ló fẹ́ lọ, kò sí ẹnjiníà tó tó wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká máa kọ gbogbo ìgbà tí mẹ́ṣíìnì bá dúró, òfìfo ni tiwọn máa ń wà. Ẹnì kejì, ọ̀rẹ́ mi ni, à jọ ń jẹun, à jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi ga ló ti ń pẹ́ dé, tí mo bá wò ó á kàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ńlá wa ní tiwọn, iye páálí tó jáde nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti darí èèyàn rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ipò ti ń gùn mí, mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mátírọ́ọ̀nù Ìbàdàn:
Àbúrò mi, o kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó kalẹ́. Wọ́ọ̀dù ni mo ti ń darí èèyàn ní tèmi, àwọn tó ti ń gún abẹ́rẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ mi, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ yé mi dáadáa.

Bàbá yẹn ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Má pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì o, má sì lọ dúró tì wọ́n nídìí mẹ́ṣíìnì níbi tí gbogbo ojú ti ń wò yín. Lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi, kí wọn bó o ṣe máa ń kí wọn tẹ́lẹ̀, ìgbéga ò ní kí ìkíni dín kù. Kó o wá sọ fún wọn pé bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ fi etí ń gbọ́ yẹn, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tuntun náà mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bá mi kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni kó o wá dé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, kó o sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í kọ ọ́. Bi wọ́n kó o sì dákẹ́ gbọ́. Má tètè gbà pé oríkunkun ni. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ojú ló ń dùn ún, àwọn lẹ́tà fọ́ọ̀mù ti kéré jù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ ni ò yé e. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, fi ọmọ kékeré kan tì wọ́n, bàbá á máa sọ ọ́, ọmọ á máa kọ ọ́, ọmọ náà á tibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèrègbè.

Tí wọ́n bá sì ṣe ohun tí ò dáa, má bá wọn wí lójú àwọn ọmọ. Pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bọ̀dá Ìkẹjà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ màmá ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un torí mo ti rí ibi tí "bàbá ẹ jọ̀ọ́, bàbá ẹ jọ̀ọ́" gbé iṣẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í pe èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ọwọ́ bọ mẹ́ṣíìnì láì pa á, bóyá láti yọ lébù tó há tàbí láti mú ìgò tó ṣubú sórí bẹ́líìtì, ojú ẹsẹ̀ ni kó o pariwo pé dúró, kó o tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn, ì báà jẹ́ bàbá bàbá ẹ ló wà níbẹ̀. Béárìn tó bàjẹ́ ṣe é rà, ìka ò ṣe é rà. Ọjọ́ tó o bá kọ́kọ́ bá gbogbo wọn jókòó ni kó o sọ ọ́, pé lórí ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò ní wo ọjọ́ orí o, ẹ má bínú sí mi, kí ìyẹn ti wà nílẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ wá ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló le jù nínú gbogbo ẹ̀ lójú tèmi. Gbogbo láìnì ló ń wò yín. Tó o bá fojú fo ti ẹ̀, ó ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó o tún lè bá sọ ọ̀rọ̀ àsìkò mọ́. Bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bí ọ̀rẹ́, níta ilé iṣẹ́, má fi ṣeré, má sì fi ìbínú sí i. Sọ ohun tó o rí, pé o pẹ́ dé ní Mọ́ńdè, o pẹ́ dé ní Wẹ́sidé, ìyá tó wà ní páálí ló ń di ipò ẹ mú kó o tó dé. Má sọ pé "o ò sírírọ́ọ̀sì mọ́" torí àwíjàre nìyẹn máa ń dá sílẹ̀. Kó o bi í bóyá nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé. Tó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó o máa ṣe fún ẹlòmíì ni kó o ṣe fún un.

Mátírọ́ọ̀nù Ìbàdàn:
Òótọ́ lẹ sọ lórí ààbò yẹn, mo gbà. Lọ́dọ̀ tiwa náà tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti aláìsàn kọ́ sí i lára, a ò ní dúró pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká tó sọ̀rọ̀.

Àǹtí HR:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n bá súpáfáísọ̀ wa tuntun sọ ibi tí òfin dé, torí ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ ló ń ṣe ohun tí òfin ò gbà wọ́n láyè láti ṣe, ilé iṣẹ́ á wá máa ru ẹrù ẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni nítorí pé ó pẹ́ dé. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri, ẹni tó bá pẹ́ kó mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá, ẹni tó bá fọ́ ìgò kó san án. Labour Act ilẹ̀ Nàìjíríà, láti 1974 ló ti wà, ó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ gé owó oṣù òṣìṣẹ́ láti fi ṣe fáìnì. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí pé àìbìkítà ẹ̀ ló bà á jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i sórí ìwé kí wọ́n tó lè gé kọ́bọ̀. Òfin yẹn náà ló ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ ẹ̀ ò dín sí wákàtí kan. Torí náà tí ọ̀gá bá ní kí ẹ gé ìsinmi oúnjẹ kí páálí lè pọ̀, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Èkejì, kúẹ́rì, ìwé tí a fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe nǹkan. Ẹ má máa fi kúẹ́rì dẹ́rù ba èèyàn. Ìbéèrè ni, ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹni náà ni. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ àsìkò, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mélòó kan, kí ẹ fún un láyè láti fèsì, kí ẹ sì ka èsì ẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí kúẹ́rì tí wọ́n kọ "ìwà rẹ ti burú jù" sínú ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí èèyàn fi fèsì ìyẹn? Àti pé ìwé kékeré kan, ẹ máa fi pamọ́ fún ara yín, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá oníkálùkù sọ àti ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́, ohun rere náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí àsìkò ìgbéga bá dé tí wọ́n bi yín pé ta lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ di òṣìṣẹ́ gidi nínú àwọn káṣúàlì, inú ìwé yẹn lẹ máa wò. Ẹni tí ẹ̀ ń bá rẹ́rìn-ín jù ò ní ọ̀nà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Birmingham:
Ohun tí mátírọ́ọ̀nù sọ pé kí bàbá máa kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, torí lójú tèmi iṣẹ́ súpáfáísọ̀ gan-an nìyẹn, ká kọ́ èèyàn níṣẹ́. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e ni.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, wọ́n fi ọ̀nà ìkọ́ni kan kọ́ gbogbo àwa tí a bá di tíìmù líídà, TWI ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Training Within Industry. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1940 nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn tó mọṣẹ́ ti ń lọ sójú ogun, àwọn tí ò dé fáktírì rí ló ń wọlé, ó sì di dandan kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe máa kọ́ wọn kíákíá. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n gbé e lọ sí Japan, Toyota náà sì mú un lò. Káàdì kékeré tó ń wọ àpò ni wọ́n kọ ọ́ sí, ohun tó wà níbẹ̀ ò sì ju báyìí lọ. Kọ́kọ́ fi ọkàn ẹni náà balẹ̀, bi í bóyá ó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹ̀, máa sọ ọ́ bó o ṣe ń ṣe é, sọ ibi tó gba ìṣọ́ra, sọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí òun náà ṣe é, kó máa sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tí ò tíì yé e. Kó o wá fi í sílẹ̀, sọ ẹni tó máa bi tó bá ta kókó, máa padà wá wò ó. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ lórí ẹ̀ ni pé tí òṣìṣẹ́ ò bá tíì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ ọ ni ò tíì kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú pípààrọ̀ róòlù lébù. Ọmọ tuntun á wo bàbá, á rò pé òun ti rí i. Kò rí i o. Bàbá á ti fi àtàǹpàkò tẹ etí lébù kí wọ́n tó fà á gba ara rólà, torí tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ ó máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgò púpọ̀ á sì ti kọjá pẹ̀lú lébù wíwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àtàǹpàkò yẹn ni kókó, bàbá fúnra wọn lè má mọ̀ pé àwọn ń ṣe é, ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o dúró ti bàbá, kó o wo ọwọ́ wọn, kó o bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ fi tẹ ibí yìí. Ohun tó o bá rí, kọ ọ́ ní Yorùbá tó bá jẹ́ Yorùbá ni gbogbo yín gbọ́, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́ṣíìnì. Fi orúkọ bàbá sí i pé àwọn ló sọ ọ́. Wàá rí i bóyá wọn ò ní máa kọ fọ́ọ̀mù fúnra wọn.

TWI yẹn náà ní ti àjọṣe. Jẹ́ kí oníkálùkù mọ bó ṣe ń ṣe sí, yin ẹni tó bá yẹ ní yíyìn, tí àyípadà kan bá ń bọ̀ tó máa kan èèyàn sọ fún un ṣáájú, kí ẹ̀bùn tí ẹnì kan ní má ṣòfò. Ti pé ká sọ ọ́ ṣáájú yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ rárá. Ìjà ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, torí pé èèyàn kàn dé lówùúrọ̀ tó rí i pé wọ́n ti gbé òun kúrò níbi tí òun wà ni.

Káṣúàlì Ni Mí:
Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ jẹ́ kí àwa tí wọ́n ń darí náà sọ tiwa.

Ofatáìmù ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ láàárín wa. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kó máa yípo, kí gbogbo ayé rí i lára ògiri, ẹni tí ò bá fẹ́ ti ẹ̀ kó sọ pé òun ò ṣe, kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Tó bá jẹ́ pé àwọn kan náà lẹ ń pè ní gbogbo ìgbà, ohun tó kù tí ẹ bá ń sọ ò ní wọ wá létí. Èkejì, orúkọ wa. Ẹ máa pe orúkọ wa. "Ìwọ káṣúàlì" yẹn máa ń dùn wá gan-an. Ẹ má máa rán wa lọ ra oúnjẹ ní àsìkò ìsinmi wa, àwa náà fẹ́ jẹun. Tí ẹ ò bá sì mọ nǹkan kan, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà.

Súpáfáísọ̀ kan wà tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, tí ṣíìfù bá ti parí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálùkù, ohun tó o ṣe gan-an lọ́jọ́ yẹn ló máa dárúkọ. "O ṣeun tó o tètè rí páálí tó ti rin yẹn." Lálẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò tó ń kó ẹrù pẹ́ dé, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, gbogbo wa la dúró títí wọ́n fi kó ẹrù tán. Wọ́n san ofatáìmù ẹ̀ fún wa o, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọn ò san án, a máa dúró.

Ọmọ Agbárá:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yẹn, mo mọ̀ ọ́n, mo ti rí i, mi ò kàn ronú ẹ̀ báyẹn rí ni. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá ńlá wá ńkọ́? Tí páálí ò bá pé, èmi ni wọ́n ń pè lórí fóònù láàárọ̀ kùtù, wọn kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ṣé kí n sì lọ ṣe kọ́ọ̀sì kan ni, àbí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ á kọ́ mi?

Ẹnjiníà Ṣàgámù:
Ọ̀gá tó ń bèèrè nọ́ńbà, nọ́ńbà ni kó o fi dá a lóhùn, má fi àlàyé dá a lóhùn. Ìdí tí fọ́ọ̀mù yẹn fi wúlò fún ìwọ fúnra ẹ nìyẹn. Ká ní láìnì yín ń gbé páálí 200 jáde ní wákàtí kan, tí mẹ́ṣíìnì dúró lẹ́ẹ̀mẹfà nínú ṣíìfù kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìyẹn wákàtí kan gbáko, páálí 200 ti lọ, kò sì sẹ́ni tó sùn. Tó o bá wá rí i nínú ìwé pé mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ lébù ló tutù jù, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Wàá lọ bá ọ̀gá, wàá ní sà, gọ́ọ̀mù yìí gba páálí tó lé ní 130 lọ́wọ́ wa lánàá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún hítà ẹ̀ ṣe. Ọ̀gá tó ń pariwo á ní kí wọ́n pe àwọn méntẹ́nánsì wá. Má dúró kó pè ẹ́ o, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ pè é, ìròyìn búburú kì í dára lẹ́nu ẹlòmíì.

Ra pátákó funfun kan, gbé e sí ibi tí gbogbo yín ti ń rí i. Kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀ ẹ dúró níwájú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má jókòó torí tí ẹ bá jókòó ó máa gùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ṣíìfù tó kọjá, kí la fẹ́ ṣe lónìí, ta ló ní nǹkan láti sọ. Àgbà ni kó o kọ́kọ́ bi. Tí mẹ́ṣíìnì bá sì ṣe wàhálà lójú ẹ, jọ̀ọ́ má gba sípánà lọ́wọ́ wọn o. Àwa tí a mọṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe èyí jù, ọwọ́ á máa yún wa. Tó o bá ń tún un ṣe, ta ló ń wo láìnì yòókù?

Àǹtí HR:
Lórí kọ́ọ̀sì: iṣẹ́ ló ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì tó dáa ń jẹ́ kí èèyàn rí orúkọ ohun tó ń ṣe. Kí ẹ tó ná owó yín, ẹ lọ bá HR yín, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ bi wọ́n nípa ITF, ìyẹn Industrial Training Fund, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. 1971 ni ìjọba dá a sílẹ̀, Jos ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún wọn, tí ilé iṣẹ́ náà bá sì ti kọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè gbà tó ìdajì padà níbẹ̀. Owó yín ti wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n lò ó. NIM, ìyẹn Nigerian Institute of Management, náà wà láti 1961, wọ́n ní ìdánwò àti kọ́ọ̀sì ọ̀rọ̀ mánéjìméǹtì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti yúníọ̀n lẹ fẹ́ mọ̀ dáadáa, ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu sọ wà ní Ìlọrin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún ni sátífíkéètì ọjọ́ kan lórí WhatsApp tí wọ́n ń fi orúkọ yín tẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lọ́la, ohun tí ẹ tún ṣe ní láìnì yín ló máa bèèrè.

Ọmọ Agbárá:
Ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Rọ́sítà ni wọ́n ní kí n ṣe báyìí, 6 àárọ̀ sí 2, 2 sí 10, 10 sí 6. Àwọn Mùsùlùmí fẹ́ lọ kí Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ ọjọ́ Àìkú, ààwẹ̀ náà ń bọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Mátírọ́ọ̀nù Ìbàdàn:
Má dá a ṣe. Pe àwọn méjì lára wọn, Mùsùlùmí kan, onígbàgbọ́ kan, kí ẹ jọ fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ ló máa di mẹ́ṣíìnì mú fún àwọn tó bá lọ kírun, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí àwọn Mùsùlùmí gbà á. Tó bá di ààwẹ̀, ìsinmi oúnjẹ ṣíìfù ọ̀sán, ẹ sún un sí ìgbà ìṣínu, kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè fi omi sẹ́nu lásìkò. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíì pààrọ̀, kí àwọn méjèèjì kọ orúkọ wọn sí i kí ìwọ náà sáìnì, torí ìpààrọ̀ ẹnu lásán, lálẹ́ ọjọ́ tó bá yá ẹnì kan ò ní wá, oníkálùkù á sì máa sọ pé òun kọ́.

Ọmọ Agbárá:
Mo ti gbọ́ mà. Ọ̀dọ̀ bàbá ni mo kọ́kọ́ ń lọ lọ́la kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, màá sì mú fọ́ọ̀mù yẹn dání, màá ní kí wọ́n tún un tẹ̀ kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi.